Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Kan ní Yábàá

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá gbọ́ pé èmi, àgbà aláṣọ ní Gbági, lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ tí ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ owó òkú ni ó gbé mi débẹ̀.

Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa kú, ó fi N640,000 sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn àbúrò rẹ̀ ní àwọn ni wọ́n ni ín, ìyàwó rẹ̀ ní òun ni. Èmi akápò sì ti sọ fún obìnrin náà lójú ọjà pé kò sí òfin kankan nínú ìwé wa tí ó gbè é. Láti 1993 ni a ti ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ta ni yóò kà á tán? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó ni ó ní kí n kó o sínú fláàṣì, kí n máa bọ̀.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà. Láti ìgbà tí ó ti ń kó èrò, n kò wọ̀ ọ́ rí. Kìlómítà 157, kò sí ihò, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ! Oorun ni mo sùn títí a fi dé ibùdó Mobolaji Johnson ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, Yábàá sì wà nítòsí.

Ìlú ẹ̀kọ́ ni Yábàá. Láti 1947 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀ ti wà. Òpópó Herbert Macaulay ni àwọn ọlọ́kọ̀ǹpútà pọ̀ sí. Ní 2016, Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, wá wò wọ́n ní Yábàá. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ óò la àárín àwọn olókìríkà kọjá. Mo dúró ná ṣẹ́ẹ̀tì kan. Wọn kò gbà fún mi.

Wọ́n tó ogójì nínú yàrá náà, kọ̀ǹpútà lórí itan kálukú. Wọ́n fún mi ní àga lábẹ́ fáànù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí a wo ìyá olóúnjẹ: bí ó bá gbé ẹ̀wà kaná, kì í dúró tì í títí yóò fi jinná. Yóò bu ìrẹsì fún eléyìí, yóò gba owó lọ́wọ́ tọ̀hún, bí ẹ̀wà bá hó yóò padà sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí kọ̀ǹpútà ṣe nígbà tí ó bá ń retí èsì láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ mìíràn. Láti 2014 ni èdè Python ti ní asyncio fún irú iṣẹ́ yìí. Mo béèrè pé bí ó bá jẹ́ iyán ni ìyá náà ń gún ńkọ́? Wọ́n pàtẹ́wọ́! Ó ní, "Dádì, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà." Iṣẹ́ tí ó gba ọwọ́ méjèèjì kò ṣe é fi sílẹ̀, àwọn oníbàárà yóò dúró, àfi bí a bá wá ẹlòmíràn tí yóò máa gún un.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan dìde. Ẹ̀rọ tirẹ̀ a máa gé ìwé sí wẹ́wẹ́, a sì sọ ègé kọ̀ọ̀kan di ọ̀wọ́ nọ́ńbà, kí àwọn tí ìtumọ̀ wọn jọra lè wà nítòsí ara wọn. Bí a bá béèrè ọ̀rọ̀, ìbéèrè náà á di nọ́ńbà, ẹ̀rọ á kó àwọn ègé tí ó sún mọ́ ọn jù fún AI kí ó fi dáhùn.

Wọ́n ki fláàṣì mi bọ̀ ọ́. A béèrè ẹni tí ó ni owó ọkọ tí ó kú. Ẹ̀rọ fi ìgboyà dáhùn pé a ti san án fún awakọ̀ tí ó gbé wa lọ sí Ìlọrin! Akọ̀wé wa kò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀ nígbà tí ó ń tẹ̀ ẹ́. Ọkọ obìnrin àti ọkọ̀ ìrìn-àjò, "oko" ni gbogbo rẹ̀. Ilé wó fún ẹ̀rín. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ̀rọ òun fi ń gbé ojú ìwé jáde pẹ̀lú èsì, kí ènìyàn fojú ara rẹ̀ kà á. Ó tún un béèrè: opó, ajogún, ẹni tí a kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Ìpàdé oṣù kẹta, 1998. Ẹni tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kọ sínú fọ́ọ̀mù ni kí a san owó rẹ̀ fún, ìbáà ṣe ìyàwó rẹ̀. Orúkọ ẹni tí ó dá a lábàá wà nísàlẹ̀. Èmi ni.

"Dádì, ṣé ẹ rí i?" Mo ní mo rí i.

Bí mo ti dé Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì, n kò yà sílé. Mo wá fọ́ọ̀mù olóògbé náà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni ó kọ síbẹ̀. Mo mú un lọ sí ìsọ̀ obìnrin náà lójú àwọn tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́sí. Ó ní kí n jókòó. Mo ní rárá, ìdúró ni n óò fi sọ ọ́.