Ìka Mẹ́wàá

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Àgùdà ni mí láti kékeré, tíṣà sì ni mí. Ìkòròdú ni mo ń gbé, Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ́ ọmọ. Ilẹ̀ kì í mọ́ kí n tó jáde. Bí mo bá sì dé l'álẹ́, tí ìyàwó àti ọmọ bá kúnlẹ̀ àdúrà, ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé ni èmi yóò máa yẹ̀ wò. Bí oṣù mẹ́ta ni Rosárì mi fi kọ́ sára ògiri. Àfi bí ọmọ mi obìnrin ṣe bi mí l'álẹ́ Ọjọ́rú kan pé:

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin àti Ọlọ́run jà ni?"

Èmi tí mo ń fi ẹnu jẹun, n kò rí èsì fọ̀.

L'ọ́jọ́ kejì, bàbá àáfà kan jókòó tì mí nínú ọkọ̀ ní Sábó. Awakọ̀ ń bú èrò, èrò ń bú awakọ̀. Bàbá ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ ní tirẹ̀. Ojú tì mí. Rosárì mi wà n'ílé, ṣùgbọ́n ìka mẹ́wàá wà l'ọ́wọ́ mi, "Mo kí ọ Màríà" mẹ́wàá ni ó sì wà nínú ọ̀wọ́ kan. Mo bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ Ohun Ìjìnlẹ̀ Ìmọ́lẹ̀ tí Póòpù John Paul Kejì fi kún un ní 2002. Ìkẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù mọ́ mi l'órí, èmi tíṣà! Kí a tó dé Ìtóìkín, mo ti parí márààrún.

Rosárì náà ti kúrò l'ára ògiri báyìí, àpò mi ni ó ń gbé. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́: l'ọ́jọ́ mìíràn, ọ̀wọ́ kejì ni oorun ti ń gbé mi lọ.