Ọ̀rọ̀ Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé

  

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí iṣẹ́ òòjọ́ bá parí, tí ẹ ti wẹ̀, tí ẹ ti jẹun, kí ni ẹ fẹ́ràn láti máa ṣe? Mi ò bèèrè iṣẹ́ tí ẹ fi ń jẹun. Ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe tí inú yín fi ń dùn ni mo ń bèèrè.

Mo ti bi àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ mi ní Kétu bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá aránṣọ kan dáhùn pé ayò ni tòun. Ó ní bí òun bá jókòó ti ọpọ́n ayò, òun a gbàgbé ẹni tó jẹ òun lówó àti ẹni tí òun jẹ lówó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa zẹ̀mijàn ní ẹyẹlé ni tòun. Ó ní 16, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ. Ẹnì kan ń gbẹ́ igi. Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló fẹ́ràn láti máa gbẹ́. Ẹ mọ̀ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa yìí ni UNESCO kà mọ́ ohun iyebíye gbogbo ayé ní ọdún 2001. Àmọ́ ìyàwó rẹ̀ ní èérún igi ni òun mọ̀, òun ló ń gbá a.

Àwọn tó pọ̀ jù, pàápàá àwọn obìnrin, ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n dárúkọ.

Alaalẹ́ ni a ń kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn èèyàn kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, á máa retí àwọn yòókù, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á sọ̀rọ̀ ilá, wọ́n á sọ̀rọ̀ ata, wọ́n á sọ̀rọ̀ adìyẹ ẹnìkan tó wá tú ebè ẹlòmíràn. Àwọn olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yẹn ń fi àkókò ṣòfò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń mú ohun tí mo ń kọ sí pátákó.

Ẹ wò ó. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́. Mo kọ «tẹ̀tẹ̀» sí pátákó. Mo tún kọ «tẹ́tẹ́» sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kà á. Ìyá alákàrà kà á, ó bú sí ẹ̀rín. Ó ní: «Ọ̀kan ń bọ́ ilé, ọ̀kan ń tú ilé!» Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó ń gbàgbé àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà a kọ igbá tí a fi ń bu omi, a kọ ìgbá tí a ń jẹ, a kọ igba tí a ń kà lórí owó, a kọ ìgbà tí òjò ń rọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ mú bíìrò, ẹ kọ ọ́ wò.

Ọgbà ní Kétu kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ mọ bí omi ṣe ṣòro tó lọ́dọ̀ wa. Orí ilẹ̀ gíga ni a wà, omi sì jìnnà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Àwọn baba wa ń gbẹ́ kòtò láti fi gba omi òjò. Nítorí náà ẹni tó bá ní ọgbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Omi tí ó fi fọ ìrẹsì, kò dà á nù. Omi tí ó fi ṣan ẹ̀fọ́, kò dà á nù. Ìdí tẹ̀tẹ̀ ló ń dà á sí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti lọ. Ó tún ń fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kí ọ̀rinrin má bàa tètè lọ. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, ara tù ú. Òjò á dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án.

Èmi mọ iye tí ọgbà jẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín owó fráǹkì wa kù. Fráǹkì Faransé kan tí a ń fi 50 fráǹkì tiwa gbà tẹ́lẹ̀ di 100 lójijì. Ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun wá wọ́n: ìrẹsì, oògùn, aṣọ. Ọdún yẹn ni mo ń múra ìdánwò sẹ́tífíkà. Ebè mẹ́fà ni ìyá mi ní lẹ́yìn ilé. Ó ń já tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, ó ń dì í ní ìdì kéékèèké, ó ń tà á ní 25 fráǹkì. Ìyẹn ló fi ń ra iyọ̀ àti ìṣáná. Ìyẹn náà ló fi ra bíìrò tí mo gbé lọ sí ibi ìdánwò. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí kò níṣẹ́, mi ò lè bá a rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ ìwé yìí.

Ọ̀kan nínú wa ń gbin òwú. Èèyàn dáadáa ni, ọ̀rẹ́ wa ni, kì í pa ẹ̀kọ́ jẹ. Ìyàwó rẹ̀ ní ọgbà tó rẹwà. Ẹ̀fọ́ ìgbá ló pọ̀ jù níbẹ̀, èyí tí àwọn Gùn àti Fọ̀n ń pè ní gbomá. Ẹ̀yin tó ń gbìn ín mọ̀ pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Ewé tiwa máa ń ní ihò bí ajẹ̀rẹ̀. Tiwọn kò ní ihò kan ṣoṣo.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá alákàrà sọ fún un pé: «Ọkọ wa, ẹ̀fọ́ yín ń dán bí aṣọ tuntun. Ṣé kòkòrò kò mọ ọ̀nà ilé yín ni?»

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní: «Ìyá, ẹ má dá wọn lóhùn. Mo ní nǹkan tí mò ń fún un.»

«Kí ni yẹn?»

«Oògùn òwú tó ṣẹ́kù ni. Ìdérí ìgò kan péré nínú garawa omi.»

Ìyá alákàrà bi í pé: «Ọjọ́ mélòó ni ẹ fi ń dúró kí ẹ tó já a?»

«Ó di ìgbà tí ọjà bá kò. Nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́ta, nígbà mìíràn ọ̀la.»

Ìyá dákẹ́. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé: «Ọwọ́ ìyàwó yín ni mo ti ń ra èyí tí mo fi ń se ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ ọmọ mi.»

Ọ̀rẹ́ wa ní: «Ìyá, àwa náà ń jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó kú.»

Mo gbé ẹfun sílẹ̀. A kò ka ìwé mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sọ fún wọn nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìhà Bọ̀gú, ní àríwá orílẹ̀-èdè wa Bẹ̀nẹ̀, ní ọdún 1999. Kòkòrò òwú kò kú mọ́ nígbà tí wọ́n bá lo oògùn àtijọ́. Wọ́n bá mú oògùn mìíràn wá tí à ń pè ní endosulfan. Ó lágbára gidigidi. Ó ju èèyàn 30 lọ tó kú láàárín ìgbà òwú yẹn. Àwọn kan fọ́n oògùn náà láìfi nǹkan bo imú àti ara. Àwọn kan jẹ oúnjẹ tí ó ti kàn. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Stockholm fi endosulfan sí ara àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Àmọ́ oògùn òwú mìíràn ṣì wà, májèlé sì ni àwọn náà.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Kò sí ẹni tó ń se ewé òwú jẹ. Ẹni tó ṣe oògùn yẹn, ewé òwú ló wọ̀n ọ́n fún, kò wọ̀n ọ́n fún ẹ̀fọ́ inú ìkòkò. Bí ó bá wà lára ewé, omi kò lè ṣan gbogbo rẹ̀ kúrò. Iná ìdáná náà kò ní kí ó má ṣe èèyàn ní ibi. Kì í ṣe ọjọ́ kan náà ló sì ń pa gbogbo èèyàn. Nígbà mìíràn orí á máa fọ́ni, ara á máa gbọ̀n, inú á máa ru, a ó sì máa sọ pé ibà ni.

Ní ọjọ́ kejì tí a pàdé, ọ̀rẹ́ wa gbé ìgò náà wá, ó fi ọ̀rá wé e. Ẹ ò ní gbàgbọ́: ìgò ọtí dídùn ni! Aládùúgbò rẹ̀ ló bù ú fún un. Kò sí ìwé kankan lára rẹ̀. Bí ọmọ kékeré bá rí i, òùngbẹ ni yóò fi pa. Èyí bí mi nínú ju ti ẹ̀fọ́ lọ, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Mo lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin òwú. Mo tọrọ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò gidi, èyí tó ti ṣí kúrò lára ìgò. A fi ṣe ẹ̀kọ́ fún alẹ́ méjì. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, àmọ́ ẹ má bẹ̀rù. Ẹ lè rí ohun mẹ́ta níbẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wo ìlà aláwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Pupa ni èyí tó burú jù. Òféèfèé ni ó tẹ̀ lé e, bí àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọ̀ aró, lẹ́yìn náà ni àwọ̀ ewé. Èyí tó ní àwọ̀ ewé pàápàá, oògùn ni, kì í ṣe omi. Èkejì, ẹ wá orúkọ ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ṣe é fún. «Coton» ni òwú. Bí ẹ kò bá rí ju «coton» lọ, kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀fọ́. Ẹ̀kẹta, ẹ wá lẹ́tà D, A, R. Nọ́mbà tó tẹ̀ lé e ni iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró láàárín ìgbà tí ẹ fọ́n oògùn àti ìgbà tí ẹ kórè. Bí ẹ bá rí 14, ọjọ́ 14 ni, ọjà ìbáà kò.

Ọ̀rẹ́ wa fi ìka tọ «coton», ó kà á fúnra rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Ẹ ó wá bi mí pé, kí ni kí a ṣe sí kòkòrò? Àwọn obìnrin ló dáhùn, kì í ṣe èmi. Ẹnìkan ní kí á ku eérú sórí ewé ní àárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà. Díẹ̀ ni o, bí ó bá pọ̀ jù ewé á bàjẹ́. Bí òjò bá rọ̀, ẹ ó tún un ṣe. Ẹlòmíràn ní ewé kinínù dára jù, igi tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní dongoyárò. Ẹ já ewé tútù rẹ̀, ẹ gún un nínú odó. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ pò ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fi ọwọ̀ kékeré wọ́n ọn, torí oòrùn ń pa agbára rẹ̀. Ẹ yí ewé wò lábẹ́, ibẹ̀ ni kòkòrò ń sá pamọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó máa ṣe é. Ẹ sì ṣan ẹ̀fọ́ náà dáadáa kí ẹ tó sè é, kinínù korò.

Èmi kò ní parọ́ fún yín. Kinínù kò yára bí oògùn òwú. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ìyàwó ọ̀rẹ́ wa ti ń lò ó báyìí, ewé rẹ̀ sì ti ní ihò bíi tiwa. Ó ní àwọn oníbàárà ń fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn lọ́jà, wọ́n ń wá èyí tó jọ̀lọ̀. Ó dùn mí fún un. Àwa tí à ń rà á náà ní ẹ̀bi níbẹ̀, torí ojú la fi ń ra ẹ̀fọ́. Ìyá alákàrà nìkan ni kò wojú ewé mọ́. Àwọn oníhò ló ń ṣà. Ó ní: «Ewé tí kòkòrò sá fún, kí ni èmi fẹ́ fi ṣe?»

Ó ku ìgò yẹn. A kò mọ ibi tí a ó gbé e sí. A kò lè dà á sí ilẹ̀, òjò á gbé e lọ sí kòtò omi ẹlòmíràn. A kò lè sun ún, èéfín rẹ̀ burú. A kò lè jù ú sí ṣálángá. Ọ̀rẹ́ wa ti tì í mọ́ inú àpótí onírin. Bàbá aránṣọ gé páálí kan, ọ̀rẹ́ wa sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ «MÁJÈLÉ» sí i pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ òwú ní òun yóò bi àwọn aṣojú iṣẹ́ ọ̀gbìn bóyá wọ́n lè gbà á padà. A ṣì ń retí èsì wọn.