Èbu tí ń jẹ èbu

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìyá mi ti ń gbin tòmátì lẹ́bàá ìlú Kétu. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn tòmátì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí wọn a rọ̀, a sì dúdú, bẹ́ẹ̀ ewé wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀. Èmi olùkọ́ ni wọ́n pè. Mo tọ́ka sí ewé jíjẹrà tí wọ́n máa ń kó láti ààtàn wá sórí ilẹ̀ náà, mo ní: «Ẹ jẹ́ ká kó ìdọ̀tí yìí dànù, Ìyá mi. Òun ló ń bí èbu.» Mo ra oògùn tí ń pa èbu, a sì wọ́n ọn yí gbogbo ilẹ̀ ká.

«Ọkọ mi,» ni wọ́n wí, «ìdọ̀tí yìí ló tọ́ ọ dàgbà.» Síbẹ̀ wọ́n gba tèmi, nítorí pé mo kàwé.

Lọ́dún kejì, èyí tó kú pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ.

Ìgbà tí mo ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún kíláàsì mi ni ojú mi là. Orúkọ kan ṣoṣo, champignon, ni Faransé fi ń pe olú tí a ń sè lọ́bẹ̀ àti èbu tí ń hù sára àkàsà tó pẹ́. Èdè tiwa ya wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n, àwọn kan nínú ìbátan náà a sì máa pa ara wọn jẹ. Ní ọdún 1932, Richard Weindling kọ ọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé Trichoderma ń jẹ àwọn èbu mìíràn tí ń gbé inú ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Rhizoctonia solani, tí ń ba ìdí ọ̀gbìn kéékèèké jẹ́. Fọ́nrán ara Trichoderma a nà lọ bá ọ̀tá rẹ̀, a wé mọ́ ọn bí ejò ti ń wé mọ́ ẹ̀ka igi. A tu èròjà tí ń yọ́ èèpo ara ọ̀tá náà, a wọlé, a sì fa ohun inú rẹ̀ mu.

Níbo ló ń gbé? Nínú ilẹ̀, lára igi àti ewé tí ń jẹrà. Oògùn tí mo rà kò sì mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá.

N kò sọ pé onínúure ni Trichoderma. Àwọn tí ń gbin olú tà mọ̀ ọ́n ní apanirun, nítorí olú wọn náà ló ń jẹ. Kò sì lè wo gbogbo àrùn tòmátì sàn. Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Mo ti wá mọ̀ pé ohun tí ń jẹ kòkòrò náà lè máa gbé ibẹ̀ pẹ̀lú.

Lọ́dún yìí, a gbin tòmátì sórí ilẹ̀ mìíràn, a dín omi rẹ̀ kù. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá mi. Wọn kò fèsì. Agbọ̀n ni wọ́n nà sí mi, pé kí n lọ bu ewé tó ti rà di ilẹ̀ dúdú wá láti ààtàn.