Alẹ́ Sinimá ní Ìpógun

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìpógun. Bàbá kan ń sọ fún mi nípa alẹ́ tí wọ́n wo Ọ̀run Móoru, fíìmù Bàbá Sàlá ti ọdún 1982, lára aṣọ funfun. “Ọmọ mi, ṣé o lè bá mi wá a?”

Fíìmù ayé ìgbà náà kò fẹ́ ooru. Bí ó bá ń bàjẹ́, a máa rùn bí ọtí kíkan. Kọ̀ǹpútà lè gba èyí tó bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ là. Shaihu Umar ti Adamu Halilu, tí a ti rò pé ó sọnù, ni wọ́n rí ní Jos. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Fíìmù Haúsá ni ìyẹn. Ti Yorùbá ńkọ́?

Bàbá ṣì ń na apá láti fi hàn mí bí aṣọ náà ti fẹ̀ tó nígbà tí ọkọ̀ Oǹdó dé.