Ẹ̀jẹ̀, Ibà àti Ẹlẹ́dàá

Ní Ekosodin, lẹ́bàá ọgbà Yunifásítì Bìní, àwọn ọmọ tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè máa ń gbé ọ̀rọ̀ Darwin tọ àwa àgbà wá bí ẹni gbé ẹjọ́ wá. Olùkọ́ ní ẹ̀dá ń yí padà láti ìran dé ìran. Pásítọ̀ ní ẹni tó bá gba ẹfolúṣọ̀n gbọ́ ti kọ Ọlọ́run sílẹ̀. “Bàbá, èwo ni ká gbà?” Ẹ̀rù máa ń wà lójú wọn, ó sì máa ń dùn mí. Kò yẹ kí ọmọ máa bẹ̀rù ohun tó kọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bọ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mú wá. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ọ̀bọ sílẹ̀ ná, ká sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ mọ́ láìrí ìwé àyẹ̀wò genotype. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, pásítọ̀ á ní kí wọ́n tún un rò, nítorí ọmọ wọn lè jẹ́ SS, kó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Kí ló dé? Àìsàn yìí ń pa ọmọdé. Ó yẹ kí ohun tó ń fà á ti tán nínú ẹ̀jẹ̀ wa láti ayébáyé.

Ní 1954 ni Anthony Allison, oníṣègùn tó dàgbà ní Kenya, fi ìdí rẹ̀ hàn: ibà kì í rí ọmọ AS pa bó ṣe ń pa ọmọ AA. Ibà ń mú púpọ̀ lọ nínú àwọn AA, àìsàn ẹ̀jẹ̀ ń mú SS lọ, AS ló ń yè jù, tó ń dàgbà, tó ń bímọ. Ní 1958, Frank Livingstone ará Amẹ́ríkà wo ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ní ìgbà tí àwọn baba ńlá wa ṣán igbó láti dáko ni oòrùn ráyè kan omi adágún, tí ẹ̀fọn gbilẹ̀, tí ibà di àrùn ilé, tí AS sì ń pọ̀ sí i. Oko tí wọ́n fi bọ́ wa ló yí ẹ̀jẹ̀ wa padà. Ẹfolúṣọ̀n nìyẹn.

Kòkòrò ibà náà kò jókòó. Èyí tí oògùn klorokúìn kò rí pa ló ń bímọ, títí Nàìjíríà fi pa oògùn ibà dà sí ACT, àpapọ̀ oògùn tó ní artemisinin nínú, ní 2005.

Mo máa ń rántí àwọn tí a sọ ní Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé. Ọ̀fọ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Àmọ́ àwọn kan nínú àbíkú wọ̀nyẹn, SS ni wọ́n, àwọn ènìyàn sì kọ wọ́n lábẹ lásán, wọ́n fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá wọn. Ìmọ̀ tó gba ìyá lọ́wọ́ ẹ̀sùn yẹn, ta ni yóò pè é ní ọ̀tá Ọlọ́run?

Ọbàtálá mọ ènìyàn, Osanobua àwọn Ẹdó dá ayé, Ádámù ti inú erùpẹ̀ wá. Kò sí èyí tó sọ fún wa bí ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1996, Póòpù John Paul Kejì sọ pé ẹfolúṣọ̀n ti ju àbá lásán lọ, àdúrà kò sì dáwọ́ dúró nínú ìjọ rẹ̀.

Ẹ̀yin pásítọ̀ Ekosodin, ẹ ti ń gba ìwé genotype. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí dìde níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, kó ṣàlàyé ìdí tí AS fi pọ̀ láàárín wa.