Àwọn Tó Ṣílẹ̀kùn Fún Wa

Ọdún 1971 ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé rà ní Long Island, ní ìpínlẹ̀ New York. Brooklyn la ti ń gbé látọdún 1967, nínú yàrá méjì, ọmọ sì ti di mẹ́ta. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo kọ́ ní Lọ́ńdọ̀n ni mò ń ṣe, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì máa ń gbà kí n lè rójú tọ́jú àwọn ọmọ lọ́sàn-án. A tu owó jọ títí owó àsansílẹ̀ fi pé. Ohun tá a fẹ́ kò ju ilé kékeré kan lọ, tó ní koríko níwájú àti ọgbà lẹ́yìn, níbi tí ọmọdé lè ṣeré láìsí pé ìyá rẹ̀ ń wo mọ́tò.

Ọkùnrin alágbàtà tó ń mú wa wo ilé mọ ìwà hù. Ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún mi, ó bi àwọn ọmọ ní orúkọ wọn, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ ilé tí mo rí nínú ìwé ìròyìn, á ní wọ́n ti tà á lánàá. Bí mo bá dárúkọ òmíràn, á ní ibẹ̀ jìnnà sí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, kò ní rọ̀ wá lọ́rùn. Ó wakọ̀ gba àárín àwọn àdúgbò tó wù wá kọjá, kò dúró. Roosevelt àti Hempstead ló ti dúró, níbi tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti dúdú bíi tiwa. Ní Lọ́ńdọ̀n, nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́dún 1960, ojú fèrèsé ni àwọn onílé ń kọ ọ́ sí pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú. O kà á, o bá tìrẹ lọ. Ní Long Island, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí wa. Ẹ̀rín ni wọ́n fi darí wa síbi tí wọ́n ti yàn fún wa.

A ra ilé ní Roosevelt, inú wa sì dùn sí i. Ìyá àgbà kan, Adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ló ń gbé ilé tó kángun sí tiwa. Ó tó ogún ọdún tó fi jù mí lọ. Òun ló bá mi mú àwọn ọmọ lọ sí ìdí bọ́ọ̀sì ilé ìwé láàárọ̀ tí mo bá pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́, òun náà ló sì là mí lọ́yẹ nípa ilẹ̀ tá a tẹ̀dó sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé páànù bisikí kan wá sórí tábìlì mi. Ìwé ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìwé tí iṣẹ́ ológun fi jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1945. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po, wọ́n sì ti tú u ká lọ́pọ̀ ìgbà débi pé ojú ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ ti là, wọ́n wá fi tépù lẹ̀ ẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tọ́jú ìpolówó ilé kan sí tí wọ́n gé nínú ìwé ìròyìn. Ó ní àwọn méjèèjì wọṣọ ìsinmi, wọ́n mú ìwé ológun dání, wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ilé náà. Ẹni tó ń ta ilé kò tilẹ̀ ṣí ìwé náà wò. Ó ní àwọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún irú àwọn èèyàn wọn. Ọkọ rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì padà sílé. Ìyá àgbà ní ọpẹ́ tí ọkọ òun dá lọ́jọ́ náà ló dun òun jù.

Látìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè, tí mo sì ń ka ohun tí mo bá rí. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí lọ́dún 1945, àìmọye sójà padà sí Amẹ́ríkà, kò sí ilé. Àwọn mìíràn ń gbé inú ilé òbí wọn pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Abraham Levitt àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, William àti Alfred, ra oko ànàmọ́ ní Long Island, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé síbẹ̀ lọ́dún 1947. Wọ́n pín iṣẹ́ ilé kíkọ́ sí ọ̀nà 27. Àwọn kan ń da kọnkéré nìkan, àwọn mìíràn ń kan pákó, àwọn mìíràn ń kun ọ̀dà, wọ́n ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì. Nígbà tí iṣẹ́ gbóná, wọ́n ń parí ilé 30 lóòjọ́. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 100 ní gígùn. Títí di ọdún 1951, ilé 17,447 ti wà níbẹ̀, wọ́n sì pe ìlú náà ní Levittown.

Lọ́dún 1949, 7,990 dọ́là ni wọ́n ń ta ilé kan. Òfin tí ìjọba ṣe fún àwọn sójà lọ́dún 1944 sì mú kí ẹni tó ti ogun dé lè rí owó yá láìsan àsansílẹ̀. Ọmọ tálákà tó jẹ́ òyìnbó lè wọlé síbẹ̀, kó máa san owó tí kò ju owó ilé tó ń yá gbé lọ, kí ilé sì di tirẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n inú ìwé àdéhùn ilé náà, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá jẹ́ òyìnbó kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀ àfi tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Adúláwọ̀ lè nu ilẹ̀ ilé náà, kò lè ni ín.

Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé kì í ṣe ìkórìíra àwọn aládùúgbò nìkan ló ṣe èyí. Ọwọ́ ìjọba wà níbẹ̀. Láàárín ọdún 1935 sí 1940 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ya àwòrán ìlú ńláńlá, tí wọ́n fi àwọ̀ pupa kun àdúgbò tí Adúláwọ̀ ń gbé, kí ayánilówó lè mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀. Àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1934 láti dúró fún ẹ̀yáwó ilé kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà rẹ̀ pé kí ẹ̀yà má ṣe dàpọ̀ sí àdúgbò kan, ó sì gba àwọn onílé níyànjú pé kí wọ́n fi òfin ẹ̀yà sínú ìwé ilẹ̀. Agbáṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ kọ́ ilé púpọ̀ nílò àtìlẹ́yìn àjọ náà. William Levitt fúnra rẹ̀, ọmọ Júù ni, àwọn èèyàn rẹ̀ náà ti jìyà òfin bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó sọ ọ́ ní gbangba pé bí òun bá ta ilé fún aláwọ̀ dúdú kan, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òyìnbó kò ní rajà òun mọ́. Lọ́dún 1948, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà ní kóòtù kankan kò gbọdọ̀ fi agbára òfin ti irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìwé Levittown, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta ilé kò yí padà.

Àwọn Levitt kọ́ ìlú kejì, Levittown mìíràn, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ibẹ̀ ni William Myers àti Daisy ìyàwó rẹ̀ kó lọ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta ní oṣù August, ọdún 1957. Ọwọ́ ẹni tó ti kọ́kọ́ rà á ni wọ́n ti ra ilé wọn. Sójà ni ọkọ nígbà ogun, olùkọ́ ni ìyàwó. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, èrò ti pé jọ síwájú ilé wọn. Wọ́n fi òkò fọ́ fèrèsé. Alaalẹ́ ni wọ́n ń padà wá, tí wọ́n ń pariwo, tí wọ́n ń kọrin èébú. Òkò ba ọlọ́pàá kan lórí, ó dákú. Gómìnà ní láti rán ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wá kí wọ́n tó rí àlàáfíà díẹ̀. Àwọn òyìnbó kan wà tí ìwà wọn tọ́. Ìdílé Wechsler, ọmọ Júù tó múlé tì wọ́n, dúró tì wọ́n gbágbágbá, àwọn tó ń da ìdílé Myers láàmù sì dáná sun àgbélébùú sórí koríko tiwọn náà nítorí rẹ̀. Ìdílé Myers kò sá. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi gbé ilé yẹn.

Nígbà tí àwọn Levitt bẹ̀rẹ̀ ìlú kẹta ní New Jersey lọ́dún 1958, Adúláwọ̀ kan, Willie James, òun náà sójà, gbé wọn lọ sí kóòtù. Lọ́dún 1960, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà dá a láre: ilé tí ìjọba dúró fún ẹ̀yáwó rẹ̀, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi àwọ̀ ara dí èèyàn lọ́nà àtirà á. Willingboro ni ìlú náà ń jẹ́ báyìí, Adúláwọ̀ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yọ àwa ará Áfíríkà sílẹ̀ nígbà yẹn. Ní nǹkan bí ọdún 1961, àwọn aṣojú ìjọba tuntun ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n rán lọ sí Washington kò rí ilé gbà bó ṣe wù wọ́n, ilé oúnjẹ ojú ọ̀nà Maryland sì ń lé wọn. Ìjọba Ààrẹ Kennedy ní láti yan òṣìṣẹ́ tí yóò máa bá wọn bẹ àwọn onílé àti ọlọ́jà.

Nígbà tí wọ́n pa Martin Luther King, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ Adúláwọ̀, ní April 4, ọdún 1968, ọjọ́ keje sí i ni Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin tó kà á léèwọ̀ láti fi ẹ̀yà ta ilé tàbí yá ilé fúnni. Òfin yẹn ló wà nílẹ̀ nígbà tí èmi àti ọkọ mi wá ra ilé. Bí kò bá sí i, ta ni ì bá yá wa lówó ní báńkì?

Ṣùgbọ́n òfin kò yanjú gbogbo rẹ̀. Lójú pópó tiwa ní Roosevelt, ìdílé òyìnbó díẹ̀ ṣì kù nígbà tá a kó dé. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé fóònù ń dún nínú ilé òun lálẹ́, alágbàtà ní kí òun tètè tà kí owó ilé tó já wálẹ̀, nítorí àwọn dúdú ń dé. Àwọn alágbàtà ra ilé lọ́wọ́ àwọn tí ẹ̀rù ń bà lówó pọ́ọ́kú, wọ́n tà á fún wa lówó gọbọi. Kò pẹ́ tí pátákó títa ilé fi kún ojú pópó. Owó orí ilé sì ni wọ́n fi ń tọ́jú ilé ìwé níbẹ̀. Àdúgbò tí owó ilé rẹ̀ bá kéré, kíláàsì àwọn ọmọ ibẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Mo lọ sí ìpàdé òbí lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ kan náà la ń sọ: ìwé kò tó, olùkọ́ ń lọ síbi tí owó wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí Yorùbá ṣe ń ṣírò ogún. Ilé tí òyìnbó rà ní 7,990 dọ́là ní Levittown ti ju 500,000 dọ́là lọ báyìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ fi í dúró yáwó lọ sí yunifásítì, wọ́n fi í dá okòwò sílẹ̀, wọ́n jogún rẹ̀. Ọkọ ìyá àgbà tí mò ń sọ, ogun kan náà ló jà, ìwé kan náà ni wọ́n fún un. Ọdún mọ́kànlá ló fi yá ilé gbé lẹ́yìn tí wọ́n lé e, ìgbà tó sì rí ilé rà nígbẹ̀yìn, ilé náà ti gbó, èlé orí owó tó yá rà á sì ga. Nígbà tó kú, ohun tí ó fi sílẹ̀ fún ọmọ kò tó nǹkan. Kò jẹ́ ọ̀lẹ lọ́jọ́ kan. Ogún ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba lórí rẹ̀.

Títí dòní, Levittown ti Long Island kò ní ju Adúláwọ̀ díẹ̀ lọ nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn. Lọ́dún 2019, ìwé ìròyìn Newsday tẹ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́ta jáde. Wọ́n rán dúdú àti funfun tí owó wọn dọ́gba lọ bá àwọn alágbàtà ilé ní Long Island. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí Adúláwọ̀ lọ, ìgbà 49 ni ẹ̀rí wà pé ojú mìíràn ni wọ́n fi wò ó. Mo ka ìwé náà, mo sì rí ẹ̀rín alágbàtà tiwa nínú rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí nìyí. Níbi ìsọmọlórúkọ àti ìkómọjáde wa ní Houston, ní Maryland, ní New York, mo ń gbọ́ tí àwọn ọmọ wa ń sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n ní àwa dé lánàá, a ti kọ́lé, àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé ṣì ń háyà. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí dé egungun. Ilẹ̀kùn tá a gbà wọlé, àwọn ni wọ́n ṣí i. Àwọn ni wọ́n sọ lókùúta, àwọn ni wọ́n lọ sí kóòtù, ọmọ wọn ni ìbọn pa kí òfin 1968 tó wáyé. Yorùbá ní ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá ní aládùúgbò Adúláwọ̀ tó ti dàgbà, ẹ lọ kí i, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í bí ó ṣe rí ilé rẹ̀ rà. Bí wọ́n bá ń jà fún ilé ìwé tó dára lágbègbè yín, ẹ bá wọn lọ sí ìpàdé. Bí alágbàtà bá ń yí yín kiri, ẹ fẹjọ́ sùn, òfin wà lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá sì di onílé lọ́jọ́ kan, ìbáà ṣe ní Maryland tàbí ní Èkó, ẹ má ṣe béèrè ẹ̀yà ẹni tó fẹ́ yálé kí ẹ tó gba owó rẹ̀.