Ẹ̀rọ Tí Mo Ní Kí Ìyàwó Mi Má Ṣe Dé Ìdí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò bu iyì kún mi, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ni ó ní kí n sọ ọ́.

Ladani ni mí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Ní ọdún 2019, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan gbé ẹ̀rọ sikáànù kékeré wá sí ilé ìtọ́jú aboyún wa. Inú báàgì ni ó ń gbé e sí. Bátìrì ni ó ń lò, àìsí iná kò sì dí i lọ́wọ́. Kí ó tó dé, àwọn obìnrin wa kì í lọ síbẹ̀ títí oyún yóò fi pé oṣù méje. Wọn a lọ gba káàdì kí wọ́n má baà lé wọn padà lọ́jọ́ ìrọbí, ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ènìyàn lè rí ọmọ tí ń ta ẹsẹ̀ nínú ikùn, àwọn olóyún oṣù mẹ́rin ń jókòó síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Inú bí mi. Mo rántí ohun tí ó wà nínú Súúrà Lukmọ́nù nípa ilé-ọmọ, mo sì sọ fún àwọn asalátù pé wọ́n ń tú àṣírí Ọlọ́run wò. Mo tún rò pé yóò jó ọmọ bí èkísíréè. Mo kìlọ̀ fún Ìyá Rísíkátù, tí oyún rẹ̀ jẹ́ oṣù márùn-ún, pé kò gbọ́dọ̀ dé ìdí rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ó kúnlẹ̀: “Bàbá Rísíkátù, ẹ má bínú, mo lọ.” Ó ní ibi ọmọ jókòó sí ìsàlẹ̀, ó dí ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà jáde, pé ó lè gòkè fúnra rẹ̀ bí ilé-ọmọ bá ti ń fẹ̀ sí i, nítorí náà òun gbọ́dọ̀ padà lọ. Ọjọ́ méjì ni n kò fi jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Mo fẹjọ́ sùn Lémọ̀ọ́mù. Wọ́n ní, “Ladani, ìyá rẹ tí í fọwọ́ kan ikùn aboyún tí í sọ pé ìbejì ni, ṣé ó ti bá Ọlọ́run pín ìmọ̀ ni?” N kò rí èsì fọ̀. Nọ́ọ̀sì náà sì là mí lóye pé kì í ṣe ìtànṣán èkísíréè, ohùn ni, èyí tí ó ga ju ohun tí etí wa lè gbọ́. Ó ń wọ inú, ó ń padà bí gbohùngbohùn, ẹ̀rọ á sì fi yàwòrán. Èmi tí ń pe ìrun mọ gbohùngbohùn!

Ní oṣù kẹjọ, ibi ọmọ kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní kí a lọ sí ọsibítù ńlá; iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Abdul-Hamid jáde kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ni ó ti rọbí, ẹ̀jẹ̀ lè dà títí tí yóò fi pa á.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Èrò tí ń wọ́ lọ síbẹ̀ dín kù. Ẹni tí ó ti rí ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rò pé ó tán, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti 2016 pé ìgbà 8 ni kí aboyún rí elétò ìlera, kí sikáànù kan sì wà nínú rẹ̀ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, láti Kóńgò, Kẹ́ńyà, Sáḿbíà, Pakistan àti Guatemala, fi hàn pé ẹ̀rọ yìí nìkan kò mú kí àwọn aboyún máa wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀rọ kì í san owó ọkọ̀, kì í sì bá ọkọ bí èmi sọ̀rọ̀.

Owó èsúsú Ìyá Rísíkátù ni ó fi ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn. Mo fẹ́ san án padà fún un, ó kọ̀. Ó ní kí n máa bá àwọn ọkọ sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí n sì kọ ọ́ síbí.